Ìbọn Kúkúrú Tí Kò Pa Yọmí

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ṣíjúadé,
Àjàó Estate, Ìsọlọ̀,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Yọmí,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa níbí wà láàyè, ìyẹn náà la rí sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí n má pè yín ní Bàbá Yọmí mọ́. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè yín, ó ti pẹ́ jù lẹ́nu mi.

Ìdí tí mo fi mú bírò ni pé ẹ kò gbé ìpè mi mọ́ láti ìgbà tí a ti sin Yọmí. Àṣà wa kò sì jẹ́ kí òbí wá síbi sàréè ọmọ rẹ̀, nítorí náà ẹnu ẹlẹ́nu lẹ ti gbọ́ bó ṣe kú. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ rán Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, ọmọ yín kejì, wá láti gba ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ní Okota, àti pé ońdè ayẹta ilé wa, èyí tí a dá padà sọ́dọ̀ yín ní Òkèehò lẹ́yìn ìsìnkú, náà lẹ tún fẹ́ so mọ́ ọn nídìí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn wá.

Ẹ rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí ìbọn ba Yọmí, lásìkò òjò tó kọjá. Àwọn olè wọ àdúgbò tí wọ́n ń ṣọ́, ọ̀kan nínú wọn sì yìnbọn láti ìsàlẹ̀ òpópónà lọ́hùn-ún. Akínbọ̀wálé, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, sọ fún mi pé iná tó jáde lẹ́nu ìbọn náà mọ́lẹ̀ bí mànàmáná, ariwo rẹ̀ sì di àwọn létí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọta ba Yọmí ní ẹran ìhà. Ó wọ ibì kan, ó jáde níbi kejì, ihò méjèèjì kò sì tóbi ju ojú bọ́tìnnì lọ. Nọ́ọ̀sì fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó fi báńdéèjì dì í, ọmọ yín fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Ni gbogbo àdúgbò bá pariwo pé ońdè jẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Ayẹta. Àwọn ìyá arúgbó ń wá fọwọ́ kàn án kí ó lè ràn wọ́n.

Èmi kò bá wọn pariwo. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì: ibi tí àwọn ọlọ́pàá ń kó ìbọn sí ni mo wà, èmi ni mo ń nu ìbọn, èmi ni mo ń tọ́jú ọta. Àwọn olè náà ju ìbọn yẹn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá, mo sì fojú ara mi rí i ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìbọn ológun ni, irú èyí tó ń lo ọta tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gé ọ̀pá rẹ̀, irin tí ọta ń gbà jáde, kí ó lè wọ abẹ́ aṣọ. Ohun tó kù níbẹ̀ kò gùn ju apá ọmọ iléẹ̀wé lọ.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, kò yẹ kí n máa la ọ̀rọ̀ ìbọn yé yín. Àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi díẹ̀. Ọta ìbọn yìí kéré, kò wúwo. Eré tó ń sá nìkan ni agbára rẹ̀, inú ọ̀pá ló sì ti ń rí eré náà: ẹ̀tù á máa jó lẹ́yìn rẹ̀, á máa tì í títí á fi já síta. Bí a ṣe ń ti ọkọ̀ tí kò ṣíná ni. Bí a bá tì í dé ìparí òpópónà, ó ti gba eré nìyẹn. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní ojúlé kejì, kò ní í lọ jìnnà. Bí wọ́n bá gé ọ̀pá, ọta á ti já síta kí ẹ̀tù tó jó tán, èyí tó kù á wá máa jó lófuurufú lásán. Òun ni iná ńlá tí àwọn Akínbọ̀wálé rí, òun náà ni ariwo tó di wọ́n létí. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá tún rìn jìnnà, eré rẹ̀ á dín kù sí i, ó lè kàn gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jáde lọ́pá gígùn, tí eré rẹ̀ pé, fífọ́ ló ń fọ́ sínú ara ènìyàn. Mi ò ní ìbọn kúkúrú kì í pànìyàn o. Ó ń pa wọ́n dáadáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà jìn, ọ̀pá kúrú, ẹran nìkan ni ọta sì bà. Orí ló yọ ọ́, ońdè kọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ní kí òun gé ọ̀pá ṣakabùlà Bàbá wa nítorí pé ó ń há sáàárín igbó. Bàbá ní, “Bí o bá gé e, etu á dúró máa fi mí rẹ́rìn-ín.” Bàbá wa tó ni ońdè mọ̀ pé gígùn ọ̀pá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí náà ni mo sọ ọ́ fún Yọmí, nínú pálọ̀ mi, ó ń jẹ dòdò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má worry. Ìbọn bà mí, mo ṣì wà ńbí, mò ń jẹ dòdò yín. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, grammar yín ti pọ̀ jù.” Mo bú u. Mo ní ṣé ẹni tí ẹ̀fọn jẹ lẹ́ẹ̀kan tí ibà kò ṣe é ló máa wá lọ ju nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù? Ó tún rẹ́rìn-ín. Akínbọ̀wálé kò ràn mí lọ́wọ́. Iwájú ló ń fi í sí ní gbogbo ìgbà, àwọn yòókù á sì máa rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó rí ògiri fara pamọ́ sí.

Bó ṣe wá di ìgbà kejì nìyẹn. Ìròyìn dé pé àwọn kan ń dá àwọn ọlọ́jà lọ́nà ní Apakun, àwọn ará ibẹ̀ sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́ Okota kí wọ́n wá ṣèrànwọ́. Àárọ̀ ni, ilẹ̀ ti mọ́. Yọmí tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kí àwọn olè náà lè rí ońdè, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rìn lọ bá wọn. Akínbọ̀wálé ní Yọmí ń pariwo pé, “Ẹ yìn ín! Ẹ yìn ín, ẹ jẹ́ ká rí i!” Wọ́n yìn ín. Ìbọn tiwọn kò yọ iná ńlá bíi tàkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gé ọ̀pá rẹ̀, wọn kò sì jìnnà sí i. Ọta kan péré ló bà á láyà, irú ọta tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà. Èmi ni mo lọ wò ó ní mọ́ṣúárì. Ihò tó wà níwájú kò ju ojú bọ́tìnnì lọ. Mi ò ní í kọ ohun tí mo rí lẹ́yìn fún yín, ọwọ́ mi kò gbà á. Ońdè ṣì wà nídìí rẹ̀, kò tilẹ̀ tú.

Wọ́n ti wá sọ fún yín pé Lará, ìyàwó rẹ̀, ló ba ońdè jẹ́, pé ó fi ọwọ́ obìnrin ká a lórí ìṣó nígbà tó ń gbálẹ̀. Ẹ sì ránṣẹ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọmọ yín. Inú bí mi, mi ò ní í parọ́ fún yín. Oyún wà nínú ọmọ yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí, kò sì ní í lọ síbì kankan. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin ló ń ba nǹkan ìbọn jẹ́, gbogbo ìbọn tó gba ọwọ́ mi kọjá ni ì bá ti kọ̀ láti dún.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹ jẹ́ kí Ọmọ́ṣẹ̀yìndé dúró tì yín. Mo mọ̀ pé Akínbọ̀wálé ti pè yín, ó ń fi ohùn dídùn sọ fún yín pé akọni kì í tán nílé akọni. Ògiri mìíràn ló ń wá. Mo sì mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn yín. Bí ẹ bá gbà pé ìbọn kúkúrú ni kò pa á nígbà àkọ́kọ́, ẹ máa ní láti gbà pé ońdè kò ṣiṣẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín so ó mọ́ ọn. Ó wúwo. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e, ẹ̀gbọ́n mi, kí ọmọ kejì má bàa bá a lọ.

Ọlọ́run kò ní í fi irú èyí gba tọwọ́ wa mọ́. Àwọn ọmọ tó kù ni yóò sin yín, ẹ kò ní í sin wọ́n. Ẹni tí Lará máa bí á bá yín láyé, á sì jókòó lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ ní mo ní kó tiraka jẹun.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Beatrice, Ìyá Oyinkán.

Àfikún: Mo ti lẹ ìwé yìí kí n tó tún tú u. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ti dé. Ọ̀sán yìí ló kan ilẹ̀kùn mi, òun àti báàgì kan, ońdè yẹn sì wà nídìí rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ àkùkọ lọ́rùn kí ẹ yìnbọn sí i, bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa kí a tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó ní rárá. Ó ní ẹ ní kò sídìí àkùkọ, pé Yọmí ti dán an wò ní Okota, ó sì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá mú ọmọ yín.