Ọkọ̀ Bàbá Yín Ń Mu Epo Nínú Ọyẹ́

Ìlobùú,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 2026.

Husnah, ọmọ mi,

Àárò rẹ ń sọ mí. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí òtútù ìlú tí o wà má ṣe wọ inú egungun rẹ. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè mi ti là, gbogbo àga ilé ti funfun fún eruku. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọyẹ́ ni mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀ fún ọ, ọkọ̀ bàbá yín ni.

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ọkọ̀ náà ti ń mu epo lọ́nà tí kò yé mi. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá rọ epo kún táǹkì, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òṣogbo. Ní báyìí, kò pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ta epo ló ń rẹ́ mi jẹ, mo bá wọn jà débi pé ojú ń tì mí láti tún yà síbẹ̀. Mo yí ilé epo padà, pàbó. Fọkanáísà fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàbó. Ọlátúnbọ̀sún, mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ilé wa, pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún yọ asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Eruku tó gbọ̀n kúrò nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún igbá. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti tán nìyẹn." Kò tán. Mo gbé orí lé sítíárìn, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Alàájì Hàmídù, àbúrò bàbá yín. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń kùn, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ràkúnmí lo so mọ́lẹ̀ yìí, kì í ṣe ọkọ̀. Ràkúnmí gan-an máa ń sinmi omi mímu!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti wá ẹni tí yóò rà á, ó ń bọ̀ ní Sátidé lẹ́yìn ìrun Àílà. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ̀wù òjò bàbá yín ṣì wà lórí àga ẹ̀yìn, ibẹ̀ nìkan ló kù tí mo ti ń gbóòórùn wọn. Wọ́n ní òórùn kì í gbé ènìyàn dé Òṣogbo. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ mi pọ̀, wọ́n ní tí mo bá rí i tún ṣe kí ọjọ́ náà tó pé, àwọn á dá ọkùnrin náà padà.

Ìbéèrè rẹ lórí fóònù ló là mí lójú: "Mọ́mì, ṣé ọwọ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn máa ń gòkè?" Ní Ọjọ́bọ̀, mo wò ó títí mo fi dé Òṣogbo. Ìsàlẹ̀ ló wà. Mo bá pinnu láti gbé ọkọ̀ lọ bá Akínọlá ní Ìfọ́n, mẹkáníìkì tí bàbá yín fọkàn tán. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú wa àti Ìfọ́n ti tún gbóná, àwọn ará ilé wa kì í fẹ́ ká yà síbẹ̀. Alàájì ní, "Ṣé mẹkáníìkì ti tán ní Ìlobùú ni?" Mo lọ ní Jímọ̀.

Akínọlá dọ̀bálẹ̀, ó ṣí ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ìyá Husnah, ṣé ẹ ò rántí ni? Èmi ni mo yọ tẹmositáàtì rẹ̀, irin kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná." Mo wá rántí. Ọjọ́ tí à ń sáré gbé bàbá yín lọ sí ọsibítù ni, tí ọkọ̀ hó lójú ọ̀nà, tí mo pè é, tí ó sì fi ọ̀kadà wá bá wa. Irin kékeré náà ló há, tí kò jẹ́ kí omi kọjá. Èmi ni mo pariwo pé, "Yọ ohunkóhun tó o bá fẹ́ yọ, ká sá ti máa lọ!" Ó yọ ọ́, ó ní kí n gbé ọkọ̀ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun fi tuntun sí i. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà dé, inú ọ̀fọ̀ ni mo wà.

Ó ṣàlàyé fún mi pé láìsí irin náà, omi á máa ṣàn káàkiri, ẹ́ńjìnnì kì í móoru. Nígbà ooru, èèyàn lè má fura. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ́ńjìnnì á máa rò pé òwúrọ̀ kùtù ṣì ni, á máa mu epo kó lè yára móoru. Ó wá ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú tuntun jáde nínú páálí. "Mo ti rà á dè yín láti ìgbà náà. Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa wá béèrè ọkọ̀." Ó fi í sínú ọkọ̀ lójú mi.

Inú ṣì ń bí mi, Husnah. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti ń wa ọjọ́ yẹn kiri nínú ọkọ̀ láìmọ̀, tí ọyẹ́ sì dé tí mo ń bá àwọn elépo jà.

Ní Sátidé, Alàájì wọ inú ọkọ̀ jókòó pẹ̀lú mi, a lọ dé Ẹ̀rìn, a sì padà. Ọwọ́ náà gòkè díẹ̀díẹ̀ dé àárín, ó dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró nígbà tí bàbá yín bá ń wà á. Alàájì wò ó. Wọ́n nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n mú ẹ̀wù òjò náà, wọ́n gbé e símú, wọ́n sì ká a padà dáadáa ju bí mo ṣe ká a lọ. Nígbà tí oníbàárà dé, àwọn fúnra wọn ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Má bínú, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. A ò tà á mọ́."

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Ibi tí o bá ti ń wá oore, oore á máa wá ọ níbẹ̀. Ilé kò ní dàrú lẹ́yìn rẹ, ìwọ náà kò ní pàdánù ọ̀nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Mọ́ríátù.

Àfikún: Tí o bá ń bọ̀ wálé, má ra ẹ̀bùn fún mi. Akínọlá ni kí o bá mi ra nǹkan fún. Èmi àti Alàájì la máa jọ gbé e lọ sí Ìfọ́n, wọ́n ti gbà.