Ẹni Kẹta Nínú Eré Mi

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ̀kutóbà 1996
Láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo lọ fún rìhásà eré tí mo kọ ní Òṣogbo. Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé Iléṣà, ẹ̀yìn ń ro mí. Àwọn òṣèré ṣì ń bi mí pé kí ni ìtàn eré yìí. Kò ní ìtàn. Àga mẹ́rin, ẹni mẹ́rin. Kò sí alààyè nínú wọn — ìrántí ni gbogbo wọn, nínú orí ẹnìkan tí a ò ní rí. Ohun tí onítọ̀hún bá ti gbàgbé á yọ kúrò lára wọn. Ọ̀kan ò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jókòó, ó kàn ń yí àga po.

Ẹni Kẹta ni mo fún Akọ̀wé Gíga — bí a ṣe ń pe Adéjọbí, tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríátì. Okùn bàtà ló ń so ṣáá, tó ń wí pé, "Ẹ má ti ilẹ̀kùn, mo ń bọ̀." Bó ti wí i lónìí, inú mi bàjẹ́. Bána gan-an ni. Mo sọ fún un pé ohun tí Barnabas, àbúrò mi tí à ń pè ní Bána, wí kẹ́yìn nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ tí jàǹbá mọ́tò pa á lọ́nà Àkúrẹ́ ní 1993. Mi ò sọ ìyókù.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Ìyókù rè é. Màmá ò mọ̀. Bàbá Ìbòkun, ẹ̀gbọ́n Màmá, ló ní a ò gbọdọ̀ túfọ̀ ọmọ fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ru. Wọ́n sin Bána sí Ìbòkun, wọ́n sọ fún Màmá pé ó ti lọ sí Àbíjàn. Èmi ni mò ń kọ àwọn lẹ́tà tó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ojú Màmá ò ríran kàwé mọ́, èmi náà ni mo sì ń kà wọ́n fún un. Mo ka ìkẹtàdínlógún lónìí, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n fèsì pé kó máa jẹun dáadáa.

Ọjọ́rú, 16
Ẹsẹ̀ ń dun Màmá. Kò síná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19
Màmá ní òun fẹ́ wo eré mi. Mo ní ọ̀nà jìn. Ó ní, "Fúnmilọ́lá, ṣé Òṣogbo lo pè ní ọ̀nà jíjìn, tí àbúrò ẹ wà ní Àbíjàn?" Mo gbà láti mú un lọ. Màá yọ "Ẹ má ti ilẹ̀kùn" kúrò lẹ́nu Akọ̀wé Gíga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26
Mo yọ ọ́. Mo yọ okùn bàtà náà. Lọ́nà, mo ṣàlàyé fún Màmá pé ìrántí lásán ni àwọn tó máa rí. Mo rò pé mo ti bo gbogbo rẹ̀. Ìkíni ni mi ò rántí.

Adéjọbí pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọmọlúàbí — ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó kí i bó ṣe yẹ. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀ Bọ̀ọ̀dá Barnabas. Mi ò tíì fojú kàn yín látìgbà tí mo ti gbọ́. Olúwa ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́."

Màmá ní, "Àmín." Bí ẹnu ṣe máa ń yá sí àdúrà. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá wò mí.

Kò sunkún. Ó jókòó, ó wo eré náà tán. Ẹni Kẹta jáde, kò ní gbólóhùn kankan mọ́, ó kàn ń ya ẹnu. Màmá bi mí pé, "Àbúrò ẹ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú mọ́tò, ó ní: "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbàdúrà ìrìnàjò fún òkú. Ìwọ lò ń ṣe àmín."

Ọjọ́ Ajé, 28
Màmá to àwọn lẹ́tà náà sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni. Ó dùn mí ju kó gbá mi létí lọ.

Ọjọ́bọ̀, 31
Bàbá Ìbòkun wá bẹ̀ ẹ́. Màmá bu omi fún wọn. Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Nòfẹ́ńbà
Ìsìn Ìrántí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, oníkálukú máa ń dìde láyè rẹ̀, á pe orúkọ àwọn òkú ilé rẹ̀, ìjọ á dáhùn pé, "Sùn ní àlàáfíà." Mo wà láàárín ẹgbẹ́ akọrin. Màmá dìde, ó di àga iwájú rẹ̀ mú. Ó pe bàbá wa. Ìjọ dáhùn. Ó pe Barnabas — ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ìjọ dáhùn. Mo rò pé ó máa jókòó.

Ó pe Fúnmilọ́lá.

Àwọn tó wà níwájú yíjú sí mi. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé èmi ni, wọ́n dáhùn.