Àlejò Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Jẹ Kọmíṣánnà

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ tó ń sáré káàkiri lórí yín. Èmi Àdùkẹ́ kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni mo jókòó sí, níwájú ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Houston. Mo kí Màámi, tí mo mọ̀ pé àwọn ni wọn yóò ka èyí sétí yín nítorí ojú tó ń yọ yín lẹ́nu. Màámi, ẹ rọra kà á o, ẹ má fo ibì kankan. Mo kí Bùrọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Gbogbo agboolé pátá ni mo kí.

Bàámi, ẹ ti ń bi mí pé irú ibo la kó lọ tí ẹ kì í gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn mi lórí fóònù mọ́. Oko ni. Kí ni mo fẹ́ purọ́ fún yín sí? Owó apartment Houston ló lé wa jáde. Bàbá Ìfẹ́, ọkọ mi, ní ká lọ wo Fulshear, níbi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kó lọ. A débẹ̀, wọ́n dárúkọ iye tí ilé jẹ́, a ní ó dàárọ̀. La bá ń wakọ̀ lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, à ń lọ, à ń lọ, ilé ń dínkù, màlúù ń pọ̀ sí i, títí a fi dé ibi tí agbára wa ká. Lọ́jọ́ tí mo bá níṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti wà lọ́nà Houston. Ọkọ mi náà ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Energy Corridor, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ epo pọ̀ sí ní Houston. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé ìkookò kò tíì gbé wa jẹ. Mo ní ó ku díẹ̀.

Káúńtì ni wọ́n ń pe ibi tí à ń gbé yìí. Ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ lè wakọ̀ títí kí ẹ má pàdé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti lọ sí Houston, wọ́n ti lọ sí Dallas, wọn kò padà. Wọ́n ti pa àwọn ilé ìwé pọ̀ nítorí pé ọmọ kò tó. Ìsìnkú la máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ ìkómọ. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú tí wọ́n kọ iye ènìyàn sí. Ọkọ mi ní àwọn òkú wà nínú iye yẹn, àwa tí a wà láàyè ni kò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bá bá pàdé ní ilé ìtajà ló ń dárò pé ìlú ń tán lọ, kò sí ènìyàn, kò sí ọmọdé. Kí ẹni yẹn kan náà jáde báyìí, ẹ ó rí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ pé ìlú ti kún, kí àwọn àjèjì máa lọ. Bàámi, ó rú mi lójú. Ènìyàn kò sí, ìlú sì ti kún. Èwo ni kí n gbà?

Ooru ibẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀nà eléruku tó dé ilé wa á di odò. Àmọ́ ìdánìkanwà ló burú jù. Bí mo bá kígbe nínú ilé mi, kò sí aládùúgbò tó lè gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mi ò lè gbé ibi tí mi ò ti ní rí ẹni kí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn tipátipá. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síṣẹ́, màá yà nílé èyí, màá yà nílé tọ̀hún: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru, ẹsẹ̀ bàbá ńkọ́, ṣé màlúù tó ń ṣàìsàn ti jẹun? Àwọn ajá wọn kọ́kọ́ ń gbó mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá àgbà kan wà tí ilé wọn súnmọ́ tiwa díẹ̀, Carol lorúkọ wọn. Mo ń pè wọ́n ní Mama Carol. Ó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n wá fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ wọn ni kọmíṣánnà apá ọ̀dọ̀ wa. Mo ti sọ ọ́ fún yín lórí fóònù, ẹ kò gbà: kì í ṣe irú kọmíṣánnà tiwa tí wọ́n ń fọn fèrè níwájú rẹ̀. Ọ̀nà àti afárá ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń gun katakata tó ń ha ọ̀nà. Ọkùnrin náà ṣàdédé kú. Mo ṣe bí ẹ ti kọ́ wa nílé. Mo se ìrẹsì, mo lọ jókòó ti opó. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo ń lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi sin òkú. Mo ń fọ abọ́, mo ń gba àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìsìnkú parí, mo ní ta ló máa lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá? Mama Carol ní àwọn ó fi káàdì ránṣẹ́. Káàdì kẹ̀? Mo bá lọ láti ilé dé ilé, mò ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mò ń dúpẹ́ ní orúkọ ilé olóògbé, bí ọmọ ilé ti í ṣe.

Ta ló mọ̀ pé ìpolongo ìbò ni mò ń ṣe? Ẹ gbà mí o! Gbogbo wọn ti gbà pé ipò ọkọ Carol ni mò ń wá. Ẹni tó ń wọlé èyí jáde ní tọ̀hún, tó ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, tó ń béèrè bí ọ̀nà iwájú ilé wọn ti rí, kí ló tún fẹ́ bí kò ṣe ìbò? Bàbá kan tó ń sin màlúù, Dale, ló sọ fún ọkọ mi ní ilé epo pé kó fọkàn balẹ̀, òun ti wà lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ní lẹ́yìn mi ń lọ síbo? Nígbà tó délé tó ròyìn rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Adájọ́ ló pa ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Olórí káúńtì ni wọ́n ń pè ní adájọ́ níbẹ̀. Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀, mo ti béèrè títí ó sú mi. Òun ló láṣẹ láti yan ẹni tí yóò parí sáà olóògbé. Ó wá jókòó sí pálọ̀ wa, ó ní òun ti bẹ ènìyàn títí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ní orúnkún ń dun àwọn, àwọn ọ̀dọ́ ò sì sí nílé. Bàámi, ṣé ẹ gbọ́ mi? Àga ṣófo, wọ́n ń bẹ ènìyàn kó wá jókòó! Nílé wa, wọn ò ní tíì bo òkú tán tí wọ́n á ti máa fa aṣọ ara wọn ya. Mo ní kó jọ̀ọ́, pé lóòótọ́ mo ti di ọmọ Amẹ́ríkà lórí ìwé, àmọ́ mi ò mọ ohunkóhun nípa afárá. Ó ní mo mọ ilé gbogbo ènìyàn. Ó ní ìyẹn tó òun.

Ó pe ìpàdé kí àwọn ará àdúgbò sọ tẹnu wọn. Dale ni mò ń bẹ̀rù. Lára ọgbà rẹ̀ ló kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kí àjèjì padà síbi tó ti wá. Mo ti di ọkàn mi gírí de èébú rẹ̀. Dale dìde, ó ṣí fìlà, ó ní nígbà tí ìyàwó òun ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń yà wò ó, nítorí náà kí wọ́n fún mi. Ó jókòó. Ẹnu yà mí. Lẹ́yìn ìpàdé, mo bi í nípa ohun tó kọ sára ọgbà. Ó ní kì í ṣe irú mi lòun ń bá wí. Mo ní irú ta wá ni? Ó ní mo mọ ohun tóun ń sọ. Bàámi, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mama Carol ló dìde tẹ̀lé e. Inú mi dùn, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn mi bí ọmọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dúró ti àwọn bí mo ti dúró. Wọ́n wá ní àmọ́ àná ni mo dé. Wọ́n ní àwọn bàbá ọkọ àwọn ló la ọ̀nà yẹn, pé ẹni tí kò ní òkú nínú ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè mọ ohun tó ń ṣe ìlú, kí wọ́n wá ọmọ onílẹ̀. Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn rárá. Àwọn kan ń mi orí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ẹyin adìyẹ wọn wá fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò yà kí àwọn láàárọ̀. Mo gba ẹyin. Kí ni kí n ṣe, ṣé kí n dà á nù ni?

Nígbà tí mo sọ fún yín lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe kọmíṣánnà, ẹ pariwo pe Màámi, ẹ ní ẹ ó lọ sọ láàfin. Mo wá sọ ohun tí Mama Carol wí, inú bí yín. Ẹ ní ìyá aláìmoore wo nìyẹn, ẹni tí mo bá sin ọkọ rẹ̀? Ẹ ní ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣe rere ni ilé rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Mo pa fóònù. Ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Bàámi. Oche ni mò ń rò.

Ẹ rántí Oche, ọmọ àwọn Àgàtú tí bàbá rẹ̀ wá dáko lẹ́yìn odò wa kí wọ́n tó bí mi. Ìlú wa ni wọ́n bí i sí. Kíláàsì kan náà la jọ jókòó, ó mọ oríkì ìlú wa jù mí lọ. Bàbá rẹ̀ kú, ilẹ̀ ìlú wa la sin ín sí. Òun náà ló kọ́ àwọn ọmọ Bùrọ̀dá Káyọ̀dé ní ìwé kíkà. Nígbà tó ní òun fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ẹ̀yin lẹ dìde ní gbọ̀ngàn ìlú. Ẹ ní ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ní ọmọlúàbí ni. Ẹ wá ní àlejò lójú, kò fi ríran. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Oche dọ̀bálẹ̀ fún yín, ó dúpẹ́, ó jáde. Ìyàwó Bùrọ̀dá sọ fún mi pé títí dòní, bó bá pàdé yín lọ́nà, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀.

Mo ti wá mọ bó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe èébú. Bó bá jẹ́ èébú, ènìyàn á mọ bóun ṣe máa fèsì. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ ló ń sọ fún ọ pé o ò sí lára àwọn, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín sí ọ. Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti ilé títí dé Houston. Mo fẹ́ bínú sí Mama Carol, àmọ́ mi ò lè bínú sí wọn kí n má bínú sí yín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ni bàbá mi. Nígbà mìíràn, mo tilẹ̀ máa ń rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí kì í ṣe bàbá tèmi ló la ọ̀nà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, màá tún ní irọ́ ni. Orí mi ti dàrú.

Adájọ́ ń retí èsì mi kí oṣù yìí tó parí. Ó ní kí n má dá Mama Carol lóhùn, ọwọ́ òun ni àṣẹ wà. Mo sì fẹ́ ipò náà, Bàámi. Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ àfìgbà tí wọ́n ní kò tọ́ sí mi. Àmọ́ báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sórí àga, kí ẹ máa yọ̀ fún mi, nígbà tí ẹ̀yin lẹ lé Oche kúrò lórí irú rẹ̀? Mo mọ̀ pé ọmọ kì í ko bàbá rẹ̀ lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ ó ní kí ló dé tí mo gbé e sínú ìwé ìròyìn dípò kí n pè yín sí kọ̀rọ̀. Ní gbangba lẹ ti sọ tirẹ̀ fún un.

Ẹ ránṣẹ́ sí i. Mi ò ní kí ẹ fún un níbò, ìbò yẹn ti lọ. Ẹ kàn sọ ọ́ lójú àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà pé ọmọ ìlú wa ni Oche. Bí ẹ bá sọ ọ́, màá sọ fún Adájọ́ pé mo gbà, màá lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun katakata. Bí ẹ kò bá sì lè sọ ọ́, mi ò ní bá yín jà. Màá lọ bá Mama Carol nílé wọn, màá sọ fún wọn pé òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá tó bí mi wí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, á la ojú yín padà, á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín gbé àwọn ọmọ mi. Màámi náà á jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé àti ará àdúgbò, tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Oche.

Èmi ni tiyín, lórí ìkúnlẹ̀,
Àdùkẹ́, ọmọ yín.