Ìdí Tí A Kò Fi Dá Pamílẹ́rìn Padà

Ajue,
lọ́nà Ore.

Adédoyin ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù n'Íbàdàn. Ara wa le, kòkó ń so, òjò ọdún yìí kò sì ṣe wá níbi. Olúwa tó ń ṣọ́ wa nínú igbó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìgboro. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n mi ò tíì kí ọ dé ìdajì tí owó inú rẹ̀ fi ń tán. Lẹ́tà kì í gé mọ́ èèyàn lẹ́nu ní tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn ni mo fẹ́ torí rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Olútóyìn àbúrò mi ti kú, tó fi ọmọ yìí sílẹ̀ lọ́mọ ọdún méjì, ilé mẹ́rin ló ti gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Mi ò sọ bó ṣe le tó fún ọ. Ó ń gé èèyàn jẹ, ó ń kó ẹ̀bà pamọ́ sábẹ́ ẹní títí tí yóò fi bu, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, gbogbo ara rẹ̀ á le bí igi. Bàbá yẹn ló ń pè mí. Lọ́jọ́ kan màmá rẹ dirun fún un, ó sì sọ fún un pé ọmọ òun ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ náà ti da odindi kẹ́ẹ̀gì epo tí màmá rẹ fẹ́ tà sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń wojú wa.

Mo nà án, mo di ẹrù rẹ̀, mo gbé e sórí ọ̀kadà, ó di gáréèjì Ore, pé kó padà sí Òkìtìpupa níbi tó ti wá. Mo rò pé á sunkún. Kò sun ún. Ó gbé báàgì rẹ̀ sáyà, ó sì bi mí, bí ẹni tó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta gààrí, pé ta ni yóò wá gba òun níbẹ̀. Ìgbà náà ni mo pè ọ́, tí o sọ pé ọmọ náà ń wò ó bóyá èmi náà máa lé òun ni, pé kí n jọ̀ọ́, kí n mú un padà sílé. Mo mú un padà. Mo ra àkàrà gbígbóná fún un lọ́nà, kò jẹ ẹ́, ó kó o sápò.

Mo sì dúpẹ́ Dókítà Nurat tó ń tọ́jú ìwà ọmọdé, tí o fi ránṣẹ́ sí wa nínú fóònù, tí à ń rí ojú rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo dé fìlà, mo gbé e sórí àga tó dára jù nílé, màmá rẹ gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti yó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, kò jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ wa, mo bá ní bóyá ó ń gbààwẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù tó fi ránṣẹ́, Péjú tíṣà Pamílẹ́rìn ló bá wa kà á. Wọ́n ní ká fi máàkì sí ìwà ọmọ náà kọ̀ọ̀kan, láti orí oókan dé márùn-ún. Èmi ò fẹ́ kí ọmọ wa féèlì lójú ará Ìbàdàn, mo bá fún un ní márùn-ún nínú gbogbo rẹ̀: gígé èèyàn jẹ, márùn-ún, sísá kúrò nílé, márùn-ún, dídáná sun ilé, márùn-ún, bẹ́ẹ̀ kò dáná sun ilé ẹnikẹ́ni rí. Dókítà sáré pè wá. Mo bi í bóyá ipò kìíní ló gbà.

Ohun tó kọ́ wa rọrùn lẹ́nu, ó le lọ́wọ́. Ó ní ká má nà án mọ́, ká má sì máa halẹ̀ pé a ó lé e. Bí a bá ń jáde, ká sọ ìgbà tí a máa dé, ká sì dé. Èmi tí mi ò sọ ibi tí mò ń lọ fún màmá rẹ rí, mo wá ń gbàyè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ó ń tẹ̀ lé mi lọ sóko, ṣùgbọ́n á jìnnà sí mi tó ọ̀pẹ mẹ́wàá. Ó di márùn-ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àdá yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gé mi lẹ́sẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, Pamílẹ́rìn ti sá lọ. Mo ní ó parí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń ké sí Láoyè tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà pé kó máa bọ̀, àdá ti gé Bàbá òun lẹ́sẹ̀. Bàbá òun. Ẹsẹ̀ ń ro mí, mò ń rẹ́rìn-ín, Láoyè rò pé orí mi ti dàrú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń di egbò náà, ìka kan ṣoṣo ló fi di etí aṣọ mi mú. Kò tíì tán o, torí ó gé Péjú jẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Bó bá rọrùn fún ọ, fi nǹkan ránṣẹ́ fún bàtà ilé ìwé rẹ̀ àti dátà. Wọ́n ní dátà wa ti tán, bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kàn án. Má fi sí báńkì, ẹ̀rọ tó wà ní Ore ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí lọ́wọ́ mi níṣojú èrò, mi ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mo nà ọ́ nígbà kan torí fìtílà tó fọ́. Ewúrẹ́ ló fọ́ ọ, mo mọ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò sì sọ. Jọ̀ọ́, foríjì mí. Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún wa. Ilé yòówù kí o dé láyé, wọn á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Owólabí.