Ẹ̀yin Lẹ Ní Èédú Ló Dáa Jù

Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi le. Ikọ́ tẹ́ ẹ gbọ́ lórí fóònù yẹn, ẹ má kà á sí, òtútù lásán ni.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí yín. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ ní ẹni tó bá fi gáàsì sun ẹran, ńṣe ló ń sè é? Ọ̀rọ̀ yẹn ti di òfin níbí. Ààrò gáàsì tuntun wà lẹ́yìnkùlé tá a ti ń sun ẹran tà, wọ́n fi tapólì bò ó bí ẹni bo òkú. Ìyàwó ọ̀gá nìkan ló ń tan án, ó ní èéfín èédú ń ba kọ́tìnnì òun jẹ́. Kọ́tìnnì o! Àyà tèmi wá ńkọ́?

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n lo gáàsì lónìí, àyà ń fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Òórùn èéfín làwọn oníbàárà ń wá. Àbí o fẹ́ sọ ìyá ẹ di onírọ́ ni?"

Ọ̀dájú! Mo gbé abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ná lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Iṣẹ́ dáa ṣá. Ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí àbúrò mi bá tún ní kí n kọrin sí fóònù kóun tó sùn, ẹ ní kí òun kọ ọ́ fún mi lọ́tẹ̀ yìí. Màá máa gbọ́.