Ibi Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Tẹ̀ Ní Pálọ̀ Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ìdúró ti Bàbá, ẹ kú àìfi ilé sílẹ̀. Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí Ẹ̀gbọ́n Délé ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ tó ń bá yín pọnmi. Èmi Bọ́sẹ̀dé yín ni mo ń kọ̀wé yìí láti Ìmẹ̀kọ. Mo pè yín títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́ sílé rẹ̀ níbí, fóònù á ní òun kí i káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀ tó wà lódìkejì ẹnubodè. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ, tí wọ́n máa ń kà fún yín lẹ́yìn ìsìn. Bí gbogbo ìjọ bá gbọ́ ọ, kò burú.

Mo mọ̀ pé èsì ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù lẹ ń retí. Bàbá Kékeré fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé, kí wọ́n da kọnkéré bo ojú oórì Bàbá, kí owó lè máa wọlé fún yín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kù sí èmi àkọ́bí lọ́wọ́. Ẹ̀yin ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn ń sunkún lórí fóònù, inú sì bí mi. Mo ní òkú ò mọ iye à ń ra àgọ̀, kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ, mo máa fọwọ́ sí i. Àtọjọ́ náà lẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tójú mi rí nílé mi ní Sátidé tó kọjá, kí ẹ tó gbọ́ èsì mi.

Iṣẹ́ tíṣà ń lọ. Owó oṣù máa ń pẹ́, àmọ́ ó ń dé. Ooru ibí ni kò ṣeé bá jà. Eruku pupa á bo bàtà, á bo ìwé àwọn ọmọ, á tún bá èèyàn wọlé. Ẹ rántí pé mo ní ilé tí mo háyà jẹ́ ilé àtijọ́, onílé sì wà ní Kùtọnu, a ò rí ojú ara wa rí. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ tó máa ń tutù bí ìdí àmù, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ibẹ̀ ni mo máa ń na ara sí tí mo bá ti ilé ìwé dé. Tí mo bá jí, aṣọ ìbora á ti wà lára mi. Mo ní bóyá èmi náà ni mo fà á bora lójú oorun. Ta ló tún wà nílé? Èmi nìkan ṣoṣo ni. Rédíò ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn.

Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ló fa ọ̀rọ̀ àríyá. Wọ́n ní mo ti jẹun nílé gbogbo wọn tán, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ bí iyọ̀ ilé tèmi ṣe rí, àbí báyìí ni àwọn ará Èkìtì ṣe ń ṣahun. Ahun kẹ̀! Mo ní kí gbogbo wọn wá jẹ iyán. N kò pe èèyàn jọ sílé mi rí láyé mi, Màmá. Mo yá odó lọ́wọ́ Ìyá Ráfíù, obìnrin àgbà tó ń sá láfún lódìkejì ọ̀nà, mo sì pe àwọn náà. Mo gún iyán títí apá mi fẹ́ẹ̀ já. Mo ra mínírà, mo ra yìnyín, mo kó o sínú kúlà ńlá kan. Mo wá ro ó pé ibo ni yìnyín ò ti ní tètè yọ́? Mo gbé kúlà náà sí ibi tó máa ń tutù yẹn. Ọgbọ́n ni mo pè é.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á tẹrí ba, á sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́. Mo ń dáhùn pé ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Nígbà tí Ìyá Ráfíù dé, wọ́n kúnlẹ̀! Mo sáré dì wọ́n mú, mo ní háà, Ìyá, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ẹ fẹ́ gé ẹ̀mí mi kúrú ni? Wọn ò wò mí. Ojú wọn wà lára kúlà.

Wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò mu nǹkan kan. Ata ń ta wọ́n, wọ́n ń fẹ́ ẹnu, kò sẹ́ni tó sún mọ́ kúlà. Àga tó wà nítòsí ẹ̀, wọ́n ti rọra fà á sẹ́yìn. Mo mú ìgò kan fún tíṣà kíláàsì kẹta, ó dì í mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mi gbóná. Mo bi wọ́n pé ṣé májèlé ni mo fi sí i ni?

Ìyá Ráfíù ló fà mí wọ inú kíṣínì. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá onílé mi ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ni màmá náà máa ń jókòó sí kí wọ́n tó kú, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni kí wọ́n sin àwọn sí. Ọmọ wọn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú oórì náà, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì lé e, ó gba owó ilé lọ́wọ́ mi, kò sọ. Gbogbo àdúgbò rò pé mo mọ̀. Wọ́n ní àwọn tiẹ̀ ń yìn mí pé ọmọ Èkìtì láyà, ó ń dá gbé pẹ̀lú Màmá. Ṣùgbọ́n èwo ni ti kúlà? Wọ́n ní mo gbé ẹrù lé ìyá àgbà láyà, mo wá ní kí àwọn máa mu ohun tó wà nínú ẹ̀.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnì kan bá mi gbé e kúrò. Wọ́n ní ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni yóò gbé e. Gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n ń wò mí. Mo gbé e, omi yìnyín dà sí mi lára. Mo kúnlẹ̀ sójú ibẹ̀, mo ní Màmá, ẹ má bínú, àlejò ni mí, n kò mọ̀. Ìyá Ráfíù ní kí n kọ́kọ́ bu iyán tiwọn, mo sì bù ú, mo gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú omi tútù.

Ìgbà yẹn ni àríyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mu, wọ́n jó, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀ tó ń wòran. Wọ́n wá ń sọ ìtàn màmá náà, bí wọ́n ṣe ń bú èèyàn tó sì ń dùn. Ìyá Ráfíù ní kò sí ọmọ àdúgbò tó lè sùn lọ ní pálọ̀ yìí kí Màmá má fi aṣọ bò ó. Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní ó yọ̀ lọ́wọ́ mi ni.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. N kò lówó tí mo máa fi kó lọ síbòmíràn, n kò sì sùn ní pálọ̀ mọ́ láti Sátidé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń kí wọn.

Ẹ̀yin Bàbá Kékeré, mo kúnlẹ̀, mo yíká, ẹ má bínú sí mi. N kò fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má da kọnkéré lé Bàbá mi, kí ẹnikẹ́ni má gbé kéréètì mínírà lé wọn láyà. Díẹ̀ tí mo bá rí lóṣooṣù, n óo máa fi ránṣẹ́ sí Màmá.

Mo kí gbogbo ilé, mo kí ìjọ. Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jèrè ọmọ. Màmá mi, tí ẹ bá gbé àpótí yín jókòó ti ojú oórì Bàbá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dààmú nítorí mi: ẹnì kan wà níbí tó ń fi aṣọ bò mí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀dé.