Ẹni Tí Ọlọ́dán Bá Rán Níṣẹ́ Kì í Padà

Ìjàgbà, lọ́nà Ìfọ́n,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀,
Oṣù Kẹjọ, 1993.

Láníyì, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o wà? Nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ọ lọ́jọ́sí, ṣé dáadáa ni o wà ni mo bi ọ́, àmọ́ lónìí mi ò tíì dé ibi dáadáa, ṣé o wà ni mo ń bi. Bí o bá wà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló já lẹ́tà yìí, kí ó jọ̀ọ́ kí ó dá a padà sínú àpò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni. Ọlọ́run tó mú Dáníẹ́lì jáde láìfarapa nínú ihò kìnnìún kò ní jẹ́ kí o há sínú àpótí onígíláàsì. Àmín.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń fà sẹ́yìn, ó ti lè rìn dé oko etílé, iṣu ta lọ́dún yìí, ewúrẹ́ dúdú tí o sọ ní Tísà sì bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń ranjú mọ́ èèyàn bí ìyá rẹ̀. Kí n má fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ bá ọ ṣeré. Ẹ̀rù ń bà mí, Láníyì. Láti Ọjọ́bọ̀, bí mo bá gbé òkèlè dé ẹnu, ńṣe ni mo máa ń gbé e padà sínú àwo.

O ṣáà mọ̀ pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń kó ara wa lọ sí pálọ̀ Ajíbọ́lá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, nítorí òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa àti bátìrì mọ́tò tí ó fi ń tàn án. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ eré yín, Ààfin Ọlọ́dán, mi ò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, kódà kí wọ́n tó fi ọ́ ṣe ìránṣẹ́ ọba níbẹ̀. Bí o bá ti yọjú, màá dìde, màá ní Láníyì, kú iṣẹ́ o. O kì í dáhùn. Ajíbọ́lá ní o ò lè máa kí ìyá rẹ níwájú ọba, mo sì gbà, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, Ọlọ́dán pè ọ́. O dọ̀bálẹ̀. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ funfun wé lé ọ lọ́wọ́, ó ní kí o gbé e lọ fún ọba Òkè Odò. O ní Kábíyèsí, o yí ẹ̀yìn padà, o gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ. Gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́ pé Láníyì mà ṣe é o, wọ́n fún un ní iṣẹ́ ńlá. Èmi nìkan ni mo figbe ta. Oyèkẹ́ ìyàwó Ajíbọ́lá ní kí n jókòó, pé ìdí mi ti bo ojú ọba.

Wọn ò mọ ohun tí mo mọ̀ ni. Èmi tí mo ń ṣọ́ eré yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ti rí i pé ẹni tí Ọlọ́dán bá rán níṣẹ́ kì í padà. Ọ̀tún oníkùn yẹn ńkọ́, ẹni tí ń pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín? Wọ́n ní kí ó lọ ra ẹṣin nílẹ̀ Tápà. Bó bá jẹ́ pé abo ẹṣin ló rà, ì bá ti bí, kí ọmọ náà sì ti tó gùn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ mọ́. Ìjòyè mìíràn ti jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń jẹ obì rẹ̀.

Ti Olorì àgbà ló wá burú jù. Wọ́n ní ó lọ kí bàbá rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní Olorì ti dé, inú wa dùn, Kúbúrá aládùúgbò wa tiẹ̀ ń jó lórí ìjókòó. Láníyì, ẹni tó wọlé kì í ṣe Olorì! Olorì tí a mọ̀ kúrú, ó dú, ó sì ní èjí. Eléyìí ga, ó pupa, ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékeléke. Ọba wò ó lójú korokoro, ó ní káàbọ̀, aya mi. Ọmọ tí Olorì bí fúnra rẹ̀ dì mọ́ ọn nítan, ó ń pè é ní ìyá. Nínú gbogbo ààfin, pẹ̀lú gbogbo ìjòyè tó wà ńbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó mọ̀ pé obìnrin yìí kọ́ ni Olorì. Ìyẹn ni mo rántí ní Ọjọ́bọ̀ tí mo fi figbe ta.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, bí wọ́n bá sì ti ròyìn mi fún ọ, gbọ́ tẹnu mi. O mọ̀ pé ìránṣẹ́ ààfin ni bàbá ńlá bàbá rẹ l'Ọ́wọ̀. Bí ọba bá rán an jáde, nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í gbá ibi tó gbà kọjá títí yóò fi dé, kí ìgbálẹ̀ má baà gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù kúrò nílé. Ṣebí pálọ̀ Ajíbọ́lá ni ojú ti rí ọ gbẹ̀yìn? Nítorí náà mo sọ fún Oyèkẹ́ ní pẹ̀lẹ́ pé kí ó má gbá pálọ̀ rẹ̀ títí ìwọ yóò fi dé láti Òkè Odò.

Ó rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Láàárọ̀ Ẹtì ó mú ìgbálẹ̀, èmi náà dì í mú. Ó fà, mo fà. Ó ní Ìyá Láníyì, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́lé yìí ni? Mo ní ipa ẹsẹ̀ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó ní èèpo ẹ̀pà tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ dà sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, pé ipa ẹsẹ̀ ọmọ yín wà ní Ìbàdàn. Mo ní nígbà tí ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un láàárín pálọ̀ yín, ṣé Ìbàdàn lẹ wà? Ó bá pe ọkọ rẹ̀. Kí Ajíbọ́lá tó wọ ṣòkòtò tán, mo ti gbé ìgbálẹ̀ náà dé ilé. Abẹ́ ẹní mi ló wà báyìí. Bàbá rẹ ní ojú ń ti òun. Mo ní kí ojú máa tì í, ọmọ ni mo ń wá.

Mo béèrè ohun tó ń mú àwọn èèyàn Ọlọ́dán lọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbọ́n. Ajíbọ́lá ní tiráńsífà ni, bí wọ́n ṣe gbé òun náà láti Ọ̀wọ̀ wá sí Ìfọ́n. Mo ní ṣé nígbà tí wọ́n gbé e, ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún Oyèkẹ́ tó ń pè é lọ́kọ? Sylvanus katikíìsì ní àwọn tó kúrò ti rí ìgbàlà ni, wọn ò lè máa foríbalẹ̀ fún ọba eré mọ́. Ó fẹ́ fi ìyẹn wàásù, mo dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Ní àná, Múdàṣírù ọmọ Kúbúrá, tó ń kàwé ní Pólì Ọ̀wọ̀, mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù, kí n lè gbọ́ ohùn rẹ. Mo tú gèlè kí etí mi lè ráyè. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní ìyá Láníyì ni mí, kí ó pè ọ́. Kò kí mi, kò dákẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ṣáá. Mo ní kí ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe, ó tún un sọ. Múdàṣírù ní ẹ̀rọ ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, kò burú. Bí ó bá jẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ ni, Láníyì, wá òmíràn.

Lójú ọ̀nà ni Múdàṣírù wá fi mí lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ ló pa mí jù. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà tó máa ń jókòó sílé rẹ̀ tó ń fi báírò kọ eré náà sílẹ̀. Bí òṣèré kan bá rí iṣẹ́ mìíràn, tàbí tó bá ní owó òun kò tó, tàbí tí òun àti ọ̀gá bá jà, oníbáírò yẹn á kọ ọ́ pé ọba rán òṣèré náà ní ìrìn àjò, nítorí ìrìn àjò kì í ṣe ikú, bí wọ́n bá parí ìjà, ó lè padà. Bí wọn ò bá parí rẹ̀, wọ́n á gbé fìlà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Láníyì, ta ni ọkùnrin yẹn? Ṣé ó ní ìyá? Nínú lẹ́tà tí o kọ lásìkò Àjíǹde, o ní fìlà kan náà ni o ti ń dé láti ọdún mẹ́ta, pé Kábíyèsí nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kí o sọ, pé o fẹ́ bá ọ̀gá sọ ọ́ kí wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ rẹ, kí wọ́n sì fi kún ohun tí wọ́n ń fún ọ. Mo kọ̀wé pé kí o fara dà á. Ṣé o bá a sọ ọ́? O bá a sọ ọ́, àbí? Mo mọ ọmọ tí mo bí.

Iṣu àti àdìẹ tí Ṣéhù onílọ́rì gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí kì í ṣe tìrẹ o. Gbé e fún oníbáírò. Dọ̀bálẹ̀ fún un bí o ṣe ń ṣe fún Ọlọ́dán. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ ọ́ pé odò kún, ọ̀nà kò ṣeé gbà, o sì padà. Òjò ṣáà ń rọ̀, kò ní jọ irọ́. Tàbí kí ó kọ ọ́ pé o gbàgbé fìlà. Kò pọn dandan kí o sọ̀rọ̀ kankan. Kí o ṣáà gba ẹ̀yìn ọba kọjá, kí o wúkọ́, màá mọ ikọ́ rẹ. Àmọ́ kí ó má fi ejò sí i, bẹ̀ ẹ́ gidigidi lórí ejò.

Lẹ́tà ìyá kì í lọ láìbéèrè. Bátìrì Ajíbọ́lá ti ń kú lọ, ojú ọba ti ń ṣẹ́jú. Oyèkẹ́ ní àwọn ò ní gbé e lọ chájì ní Ìfọ́n nítorí ẹni tó jí ìgbálẹ̀ àwọn. Fi owó chájì rán Ṣéhù, kí n lè rí Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, nítorí ìyẹn nìkan ló kù. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Ajíbọ́lá máa ra ìgbálẹ̀ tuntun lọ́jà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ fẹ́ ṣèpàdé ní pálọ̀ yẹn, wọ́n á sì gbá a. Mi ò lè jí gbogbo ìgbálẹ̀ ọjà Ìfọ́n.

Bó bá sì jẹ́ pé wọn ò san owó fún ọ mọ́, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ara rẹ ni kí o fi rán Ṣéhù. Nítorí ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn kì í ṣe pé wọ́n á gbé fìlà rẹ fún ẹlòmíràn nínú eré. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹni náà má wá kanlẹ̀kùn wa lọ́jọ́ Kérésì, kí ó ní bàámi, èmi Láníyì ti dé, kí bàbá rẹ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì sọ pé káàbọ̀, ọmọ mi, kí gbogbo Ìjàgbà sì máa wò bí ará ààfin. Nítorí náà, bí o bá dé, má tíì kí mi. Ká ṣòkòtò rẹ sókè, jẹ́ kí n rí ojú àpá tí àdá bàbá rẹ fi sí ọ lórúnkún.

Ọ̀nà kò ní gbé ọ mì. Báírò ẹnikẹ́ni kò ní borí àkọsílẹ̀ Ẹlẹ́dàá lórí rẹ. Ẹsẹ̀ tí o fi jáde ni wàá fi wọlé, ojú tí mo bí mọ́ ọ ni wàá gbé bọ̀. Tètè máa bọ̀, Láníyì, kí n lè dá ìgbálẹ̀ onígbálẹ̀ padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rhoda Ọmọ́yẹlé.